Ẹ Yé Pe Ìkà Ní Wèrè

Bí ènìyàn bá tan rédíò lówùúrọ̀, tí ó ka ìwé ìròyìn lọ́sàn-án, tí ó sì jókòó ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nídìí ayò nírọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta: "Wèrè ni ọkùnrin yẹn jàre." Ta ni wọ́n ń bá wí? Ó lè jẹ́ olórí ìjọba kan tí ó so orúkọ ara rẹ̀ mọ́ gbogbo afárá àti gbogbo pápá ìṣeré. Ó lè jẹ́ pásítọ̀ tí àwọn ọmọ ìjọ ń fi ìkúnlẹ̀ bá sọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ ọ̀gá ọ́fíìsì lásán. Bí ó bá wá ṣe pé ọ̀mọ̀wé ni ẹni tí ń sọ̀rọ̀, kò ní sọ wèrè, yóò ní ọkùnrin náà ní "kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì", yóò sì máa wo ojú wa bóyá a gbọ́ òyìnbó. Ọ̀kan kò sàn ju èkejì lọ. Èmi kò gbà pẹ̀lú wọn, n kò sì ní gbà.

Èmi kì í ṣe dókítà o. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà kí n tó wọ iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ó sì ti lé ní ogún ọdún báyìí tí mo ti ń fi kálàmù jẹun. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wa yìí ti kọ́ mi pé orúkọ tí a bá sọ àrùn ni wọn yóò fi wá egbòogi rẹ̀. Bí ẹ bá pe ibà ní ọfà, ọfà ni wọn yóò máa wá kiri nínú ara ẹni tí ibà ń pa lọ. Ohun tí à ń ṣe nìyẹn. À ń pe ìkà ní wèrè, à ń pe aláìsàn ní agbéraga. Ìkà ń lọ lọ́fẹ̀ẹ́, aláìsàn ń jẹ pàṣán.

Ẹ jẹ́ kí a tú u palẹ̀. Kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì tí àwọn òyìnbó ń wí, ìdì ìrònú kan ni, tí ó ta kókó sí ìsàlẹ̀ ọkàn ènìyàn, tí ó sì ń darí rẹ̀ láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀. Ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà jọ ara rẹ̀ lójú kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tí ojú wa mọ̀ jù ni ti ẹni tí mo sọ ní Ẹ-wò-mí. Alfred Adler ni ó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, dókítà ará Austria tí wọ́n bí ní 1870, tí ó bá Sigmund Freud rìn títí wọ́n fi pínyà ní 1911. Nígbà tí Adler wà ní kékeré, àìsàn tí ń mú egungun ọmọ rọ̀ bá a jà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò le bí ti àwọn ọmọ yòókù. Bóyá ibẹ̀ ni ó ti rí ohun tí ó wí. Ó ní gbogbo ọmọ ni ó wá sáyé ní kékeré láàárín àwọn àgbà, gbogbo wa ni a sì mọ bí ó ṣe rí kí ènìyàn kéré. Ó ń ta ẹlòmíràn jí sí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fún lọ́rùn yóò wá nǹkan gùn kí ó lè dà bí ẹni tí ó ga.

Òun ni ó ń yá owó tí ó ń ná fún onílù. Òun ni ó jẹ oyè mẹ́rin ní ìlú tí kò mọ ọ̀nà rẹ̀. Bí ẹ bá ka mẹ́ta, yóò dá yín dúró kí ẹ ka ẹ̀kẹrin. Ẹ wo ojú rẹ̀ nígbà tí ó bá fọ́nnu tán: ojú tiwa ni ó ń wò. Bí a kò bá pàtẹ́wọ́, inú rẹ̀ yóò bàjẹ́ di alẹ́. Ẹni tí ó nílò ojú wa tó báyìí, òun gan-an kò tíì gbà pé òun tóbi. Ìpalára rẹ̀ kò pọ̀, gbèsè ni ó sábà máa ń fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. (Àwọn tí wọ́n sì ń fi Napoleon ṣe àpẹẹrẹ pé kíkúrú ni ó sọ ọ́ di oníjàgídíjàgan, kí wọ́n tún un wádìí: ọkùnrin náà kò kúrú ju àwọn ará Faransé ìgbà ayé rẹ̀ lọ.)

Ẹnìkejì kì í pariwo ní tirẹ̀. Ta-ni-yóò-bi-mí ni mo sọ ọ́. Ní 1913, Ernest Jones, dókítà ará Wales kan tí ó jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn Freud, kọ àròkọ nípa àwọn ènìyàn tí wọ́n ti gbà ní kọ̀rọ̀ ọkàn wọn pé Ọlọ́run ni àwọn. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé kò sọ pé fífọ́nnu ni a ó fi mọ̀ wọ́n. Ó ní ṣe ni wọ́n máa ń jìnnà sí ènìyàn. Wọ́n fẹ́ kí ó ṣòro láti rí wọn, wọ́n fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn rí bí awo. Bí ẹ bá mú ohun titun wá sọ fún wọn, àwọn ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ṣé ẹ mọ irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀? Ẹ ó dé ọ́fíìsì rẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀, akọ̀wé yóò ní kí ẹ jókòó. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ yóò lù, ọ̀gá wà nínú ilé, kò gba àlejò, kò ṣe iṣẹ́ kankan. Ìdúró tí ẹ dúró yẹn gan-an ni iṣẹ́ tí ó ń ṣe.

Àwọn baba wa mọ irú ẹni yìí. Àwọn náà kúkú ni wọ́n ń kí ọba ní Kábíyèsí, èyí tí ọ̀pọ̀ ń túmọ̀ sí pé kò sí ẹni tí yóò bi í. Ṣùgbọ́n ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, bí wọ́n ti ń kí Aláàfin bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n fi Ọ̀yọ́ Mèsì ṣe ọgbà yí i ká, tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn. Bí ọba bá lo agbára kọjá àlà, wọ́n lè kọ̀ ọ́, ọba tí wọ́n bá sì kọ̀ kò gbọdọ̀ wà láàyè mọ́. Wọn kò jókòó kí wọ́n máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé orí rẹ̀ ti dàrú. Wọ́n bi í léèrè. Nígbà tí Baṣọ̀run Gáà wá sọ ọgbà náà di ohun ìjà, tí ó ń ti ọba kan tẹ̀lé òmíràn sínú ikú, ta ni ó pè é ní wèrè? Ìkà ni wọ́n pè é, bí ìkà ni Aláàfin Abíọ́dún sì ṣe ṣe ìdájọ́ rẹ̀ ní nǹkan bí 1774.

Síbẹ̀, ẹni tí ń dẹ́rù bà mí jù kò sí nínú àwọn méjì yìí. Bí-kò-sí-èmi ni, ẹni tí àwọn òyìnbó ń sọ pé ó ní kọ́ńpílẹ́ẹ̀sì ti mèsáyà. Oore ni òun ń ṣe, ẹ gbọ́ mi yé o, oore gidi. Kò sí agbolé tí kò ní tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ni, ó sanwó ilé-ìwé àbúrò márùn-ún, kò fẹ́ aya bọ̀rọ̀ nítorí wọn. Ẹ bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú rẹ̀ lọ́jọ́ tí àbúrò rẹ̀ obìnrin bá fúnra rẹ̀ rí iṣẹ́ gbà tí ó wá fi ayọ̀ sọ fún un. Ojú rẹ̀ yóò kọ́rẹ́ lọ́wọ́. "Ta ni o bi kí o tó lọ?" Ọmọ náà yóò dọ̀bálẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, yóò ní, "Ẹ má bínú, Bùọ̀dá mi." Kí ni ó ṣẹ̀? Kò ṣẹ̀. Kò nílò ìrànlọ́wọ́ mọ́ ni. Ẹni tí ó fẹ́ràn wa yóò yọ̀ lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ wa bá ràn wá. Ẹni tí ó fẹ́ràn kí á máa nílò òun, ọjọ́ náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bínú.

Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá ní ìjọ ńkọ́? Jim Jones, ará Amẹ́ríkà (òun àti Ernest Jones kò bá ara wọn tan o), bẹ̀rẹ̀ ìjọ rẹ̀ ní ìlú Indianapolis lẹ́yìn 1950. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì òyìnbó kò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú jókòó ti àwọn, tirẹ̀ gba dúdú àti funfun. Ó ń bọ́ àwọn tí ebi ń pa. Òun àti ìyàwó rẹ̀ gba ọmọ aláwọ̀ dúdú tọ́ bí ọmọ bíbí inú wọn. Ẹ sọ fún mi, ta ni kò ní fọwọ́ sí i? Díẹ̀díẹ̀, ẹni tí ó ní òun ń gbà wọ́n là di ẹni tí ó ní òun ni Ọlọ́run. Ó kó wọn lọ sínú igbó ní Guyana. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1978, lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ti pa aṣòfin Amẹ́ríkà tí ó wá wádìí wọn, ó ní kí wọ́n mu májèlé. Ènìyàn tí ó lé ní 900 ni ó kú lọ́jọ́ náà, nǹkan bí ìdá mẹ́ta wọn sì jẹ́ ọmọdé, tí àwọn àgbà da májèlé sí lẹ́nu.

Kí ni ayé sọ? Wọ́n ní wèrè ni. Mo ní rárá! Ọkùnrin yìí gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Guyana. Ẹni tí ó gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ ènìyàn kí wọ́n má baà sá, ó mọ̀ pé wọ́n fẹ́ sá. Ó fi ọmọ ogun tí ó gbé ìbọn ṣọ́ wọn. Ó ti wá májèlé náà sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà. Nígbà tí ẹ bá pè é ní wèrè, ẹ ti dá a láre, ẹ sì ti dá àwọn tí ń bá a gbé ìbọn láre pẹ̀lú.

Ti Idi Amin náà ńkọ́? Lẹ́yìn tí ó fi ìbọn gba ìjọba Uganda ní 1971, ìwé ìròyìn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í fi oyè rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ni olúwa gbogbo ẹranko ilẹ̀ àti ẹja inú òkun, òun ni ó ṣẹ́gun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Áfíríkà. Ẹ-wò-mí nìyẹn, a rí i. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín Ẹ-wò-mí, Ta-ni-yóò-bi-mí wà lábẹ́ rẹ̀ tí ó ń pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ní 1972 ó fún àwọn ará Éṣíà ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ kí wọ́n kó kúrò ní Uganda, ó sì pín ilé ìtajà wọn fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Nígbà tí ọmọ ogun Tanzania dé Kampala ní 1979, ó ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó gba Libya, ó dé Saudi Arabia, ibẹ̀ ni ó wà títí ó fi kú ní 2003, ilé-ẹjọ́ kankan kò sì fojú kàn án. Ẹni tí iyè rẹ̀ ti ra kì í mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun sá, kì í sì í mọ ilé ẹni tí yóò gba òun.

Mo ti gbọ́ ìbéèrè yín: ṣé ẹni tí ó bá ní òun ni Jésù kò ní jẹ́ wèrè ni? Ní Èkó, gbogbo ènìyàn mọ Immanuel Odumosu, tí wọ́n ń pè ní Jésù Òyìngbò. Ó kéde pé òun ni Jésù tí ó padà wá, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń gbé lábẹ́ àṣẹ rẹ̀ ní agbolé rẹ̀ ní Maryland títí ó fi kú ní 1988. N kò wọ inú ọkàn rẹ̀, n kò sì ní sọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi wé àwọn mẹ́ta kan tí wọ́n sọ gbólóhùn kan náà gan-an ní Amẹ́ríkà.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 1959, ní ilé ìwòsàn ọpọlọ kan ní Ypsilanti, ní ìpínlẹ̀ Michigan, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan tí ń jẹ́ Milton Rokeach kó ọkùnrin mẹ́ta jọ sí yàrá kan. Oníkálukú wọn gbà pé òun ni Jésù Kristi. Nínú ìwé tí ó kọ nípa wọn ní 1964, ó pè wọ́n ní Clyde, Joseph àti Leon. Kì í ṣe orúkọ wọn gan-an. Clyde ti tó ẹni àádọ́rin ọdún, àgbẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Joseph fẹ́ jẹ́ òǹkọ̀wé, kò rí i ṣe. Leon kò tíì pé ogójì ọdún. Ohun tí Rokeach rò ni pé bí Jésù mẹ́ta bá jọ ń jẹun, tí wọ́n jọ ń sùn, wọn yóò rí i fúnra wọn pé ọ̀rọ̀ náà kò bára mu.

Ọdún méjì ni ó fi ṣe é. Clyde ní àwọn méjì tí ó kù ti kú, ẹ̀rọ ni ń sọ̀rọ̀ nínú wọn. Joseph ní ẹ kò rí i pé ilé wèrè ni àwọn méjèèjì wà, ṣé Ọlọ́run á wà nílé wèrè ni? Òun náà wà níbẹ̀ o! Leon ní tirẹ̀ yí orúkọ padà, ṣùgbọ́n kò yí ohun tí ó gbàgbọ́ padà. Wọ́n jà, wọ́n lu ara wọn, nígbà tí ó yá wọ́n kọ́ láti má dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ara rẹ̀ yá.

Ẹ wá wò ó. Kí ni àwọn mẹ́ta yìí rí jẹ nínú oyè ńlá tí wọ́n fi jẹ ara wọn? Kò sí ẹni tí ń kúnlẹ̀ fún wọn, kò sí ìdámẹ́wàá. Oyè náà ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ti gba ilé àti ẹbí. Ẹ-wò-mí ń wá ojú wa, àwọn kò wá a. Bí-kò-sí-èmi ń wá ẹni tí yóò gbára lé òun, àwọn kò ní. Aláìsàn ni wọ́n.

Mo mọ ọmọkùnrin kan ní àdúgbò wa, kọ́ṣẹ́kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, ọmọ jẹ́jẹ́. Lọ́jọ́ kan kò sùn mọ́. Ọjọ́ kẹrin tí kò sùn ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun ni ọba gbogbo ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú, ó ń pín ilé onílé fún ènìyàn, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí mọ́tò ń lé. Ẹbí rẹ̀ gbé e lọ sí ilé àdúrà kan. Wọ́n ní ẹ̀mí ìgbéraga ni, wọ́n ní ẹni tí ó bá gbé ara rẹ̀ ga ni a ó rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n fi pàṣán rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń nà án, ṣe ni ó ń dárí jì wọ́n gẹ́gẹ́ bí ọba. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà níkẹyìn, abẹ́rẹ́ àti oògùn oníhóró ni wọ́n fún un. Ó sùn. Láàárín oṣù méjì ó padà sídìí mọ́tò, ojú sì ń tì í láti gbọ́ ohun tí ó sọ. Àpá ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀ títí di òní. Ṣé ẹni tí ń gbéraga ni ẹ máa ń fún lóògùn tí ìgbéraga rẹ̀ fi ń lọ?

Kì í ṣe òun nìkan. Ní 2019, àjọ Human Rights Watch tẹ ìròyìn jáde pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn ọpọlọ ni wọ́n ń so mọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa, nínú ilé àdúrà, ilé kéú, ilé oníṣègùn, títí kan ibi tí ìjọba ń mójú tó. Bẹ́ẹ̀ sì ni, láti 1954 tí Dókítà Adéoyè Lambo ti gba àkóso ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta ni ó ti fi hàn pé aláìsàn lè máa gbé láàárín abúlé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, kí ó máa gba ìtọ́jú, láìsí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Gbogbo ayé wá wo Aro. Àwa tí a ni í, oṣù kìíní 2023 ni ààrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ buwọ́ lu òfin titun tí ó rọ́pò èyí tí a jogún láti ìgbà ìjọba amúnisìn.

Ẹnì kan yóò ní, ṣé aláìsàn kò lè dé orí oyè ni? Ó lè dé ibẹ̀. Kí dókítà tí ó yẹ̀ ẹ́ wò ni ó sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi oníwèé ìròyìn. Ní 1964, ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Fact kọ̀wé sí gbogbo dókítà ọpọlọ, ó ní ṣé ọpọlọ Barry Goldwater tí ń du ipò ààrẹ pé. Dókítà 1,189 ni ó dáhùn pé kò yẹ fún ipò náà, àwọn tí kò fọwọ́ kàn án rí! Goldwater pe ìwé ìròyìn náà lẹ́jọ́, ó sì jàre. Láti 1973 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà ti fi í ṣòfin pé ọmọ ẹgbẹ́ wọn kò gbọdọ̀ sọ irú àìsàn tí ń ṣe ẹni tí wọn kò yẹ̀ wò.

Rokeach alára kò bọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ọ̀nà rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà ayédèrú sí àwọn aláìsàn náà. Ó kọ ti Leon bí ẹni pé ìyàwó tí Leon ń lálàá rẹ̀ ni ó kọ ọ́. Ó fi owó sínú rẹ̀, ó ní kí ó ṣe èyí, kí ó ṣe tọ̀hún. Leon, tí kò ní ìyàwó kankan láyé, dúró de obìnrin náà lọ́jọ́ tí lẹ́tà dá. Ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, Rokeach kọ àfikún sí ìwé rẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé òun kò ní ẹ̀tọ́ láti máa yí ayé àwọn ènìyàn náà po bẹ́ẹ̀, pé òun kò wo wọ́n sàn, ṣùgbọ́n wọ́n wo òun sàn nínú èrò pé òun lè ṣe bí Ọlọ́run. Kò sí dókítà tí ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ń ṣàìsàn. Ọpọlọ rẹ̀ pé. Òun ni ó ń lọ sílé nírọ̀lẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ọ́fíìsì wa kọ ìròyìn nípa aláṣẹ kan tí ó wó ọjà láìsọ fún àwọn ìyálọ́jà, ó sì fi "Ìwà Wèrè" ṣe àkọlé. Mo ní kí ó pa á rẹ́. Ó ní, "Ọ̀gá, kí ni kí n wá pè é?" Mo ní kí ó kọ orúkọ ọkùnrin náà, ọjọ́ tí ó fọwọ́ sí ìwé náà, àti iye ìsọ̀ tí wọ́n wó.